Kí ẹ tó sọ script yín di .exe

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá àyè fún lẹ́tà yìí. Ó gùn díẹ̀, nítorí pé àwọn àṣẹ kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ tí kò ṣe é gé kúrú.

Àwọn tó ń fi Python tàbí Bash kọ ètò ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Bí ènìyàn bá kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ tán, èyí tí à ń pè ní script, ká sọ pé ajo.py tó ń ṣírò owó àjọ, ohun tó máa ń fẹ́ ni pé kí ó máa ṣiṣẹ́ bí ètò gidi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tẹ python3 ṣíwájú orúkọ rẹ̀. Bí ó bá béèrè ọ̀nà, “sọ ọ́ di .exe”, irú fáìlì ètò tí Windows ń ṣí tààrà, ni wọ́n máa ń dá a lóhùn. Àwa ò sọ pé .exe kò dára, ṣùgbọ́n ìkẹyìn ló yẹ kó wà. Lórí Linux, Mac àti fóònù Android, ìlà kan àti àṣẹ kan ti tó. Lórí Windows náà, ọ̀nà wà tó fúyẹ́ jù ú lọ.

Bí a bá ní kí Linux ṣe fáìlì kan, kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, kì í wo orúkọ fáìlì náà. Yálà .py ló gbẹ̀yìn rẹ̀ tàbí .sh, kò kàn án. Àwọn báìtì tó ṣáájú nínú fáìlì ló ń yẹ̀ wò. Bí ó bá rí 7F tí lẹ́tà ELF tẹ̀ lé e, ó mọ̀ pé ètò tí a ti sọ di èdè ẹ̀rọ ni. Bí ó bá rí #! ní tirẹ̀, ó mọ̀ pé ògbufọ̀ kan, ètò bíi Python tàbí Bash tó ń ka script tó sì ń ṣe ohun tó wí, ni yóò ka fáìlì náà, àti pé orúkọ ògbufọ̀ ọ̀hún ló kù lórí ìlà yẹn. Yóò pe ògbufọ̀ náà, yóò sì fi orúkọ fáìlì lé e lọ́wọ́. Dennis Ritchie, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Unix sílẹ̀ ní Bell Labs, ló gbé ọgbọ́n yìí wọ inú kernel ní oṣù Kìíní ọdún 1980. Títí di òní, òun náà la ṣì ń lò.

Nítorí náà, ẹ kọ èyí sí ìlà àkọ́kọ́ pátápátá, láìfi àlàfo kankan ṣáájú rẹ̀:

#!/usr/bin/env python3

Lẹ́yìn náà, ẹ fún fáìlì náà ní ìyọ̀ǹda láti ṣiṣẹ́, kí ẹ sì pè é:

chmod u+x ajo.py
./ajo.py

Ìdí tí ./ fi wà níwájú ni pé Linux kì í wá ètò nínú fódà tí ènìyàn jókòó sí. Ààbò ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni ibi kan lè fi fáìlì tó ń jẹ́ ls, orúkọ àṣẹ tó ń to àwọn fáìlì jáde, pamọ́ sínú fódà, kí ẹ tẹ ls, kí tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ máa tẹ ajo lásán láti ibikíbi, ẹ gbé e sínú fódà tó wà nínú PATH, àkójọ àwọn fódà tí kọ̀ǹpútà ti ń wá ètò:

mkdir -p ~/.local/bin
mv ajo.py ~/.local/bin/ajo

Lórí Ubuntu, ìgbà tí ènìyàn bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà ni fáìlì .profile ń wò bóyá fódà yìí wà, kí ó tó fi í kún PATH. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá fódà náà ni, àfi kí ẹ jáde kí ẹ tún wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ “command not found” ni ẹ ó máa rí. Ẹ má sì sọ ètò yín ní test. Shell, ètò tó ń gba àṣẹ tí ẹ ń tẹ̀, ní test tirẹ̀, òun ni yóò ṣe, kò sì ní sọ ohunkóhun fún yín.

Ẹni tó bá gbàgbé ìlà #! yóò rí nǹkan ìyanu. Kernel yóò ní òun ò mọ irú fáìlì yìí, Bash yóò wá gbà pé àṣẹ Bash ló wà nínú rẹ̀, yóò sì máa kà á bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, “import: command not found” ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí ImageMagick, ètò àwòrán kan, bá wà lórí ẹ̀rọ náà, àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ import, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Bí Bash bá ka “import sys”, atọ́ka yóò di àgbélébùú, gbogbo nǹkan yóò dà bí ẹni pé ó há. Bí ẹ bá tẹ ibì kan, fáìlì tuntun tó ń jẹ́ sys yóò yọ nínú fódà yín, àwòrán ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé fáírọ́ọ̀sì ni.

Kí ló dé tí a fi ń lo env, tí a kò kọ /usr/bin/python3 tààrà? Ibi tí Python wà kò dọ́gba. Lórí Ubuntu, /usr/bin ló wà. Lórí Mac tuntun tí a fi Homebrew, ètò tó ń bá ni gbé ètò mìíràn sórí Mac, sí, /opt/homebrew/bin ni. Nínú venv, fódà àdáni tí a kó Python àti àwọn láíbìrì (kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún ìlò) ètò kan sí, ibòmíràn pátápátá. Env ń wá èyí tó bá kọ́kọ́ rí nínú PATH. Python3 ni kí ẹ kọ, kì í ṣe python lásán. Láti Ubuntu 20.04, kò sí àṣẹ python àfi bí ènìyàn bá fi í síbẹ̀ fúnra rẹ̀; Apple náà yọ Python 2 kúrò nínú macOS 12.3 ní ọdún 2022.

Ibi tí env kò ti dára ni cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a bá dá fún un. PATH tí cron ń lò kúrú gan-an, /usr/bin àti /bin nìkan ni lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà Python ti venv yín kọ́ ni yóò bá. Script tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́sàn-án yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lóru, yóò ní òun ò rí láíbìrì. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà Python inú venv ni kí ẹ kọ tán pátápátá sí ìlà #!. Kí ó má sáà gùn jù: báìtì 127 ni Linux ń kà lórí ìlà náà tẹ́lẹ̀, Linux 5.1 ti ọdún 2019 ló sọ ọ́ di 255. Venv tó wà nínú fódà inú fódà lè kọjá ti àtijọ́ yẹn.

Ohun kan tún wà. Gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé orúkọ ògbufọ̀ lórí ìlà #!, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Linux kà á sí. Bí ẹ bá kọ #!/usr/bin/env python3 -u, ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “python3 -u”, pẹ̀lú àlàfo inú rẹ̀, ni env yóò máa wá kiri. Ẹ kọ env -S python3 -u dípò rẹ̀. Láti coreutils 8.30 ti ọdún 2018, àkójọ ètò tí env bá wá lórí Linux, ni -S ti wà.

Ní ti Bash, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Ẹni tó bá kọ #!/bin/sh, tó tún lo [[ ti Bash nínú script, yóò rí “[[: not found” lórí Debian àti Ubuntu, nítorí pé dash ni sh níbẹ̀, kì í ṣe Bash. Ẹ kọ #!/usr/bin/env bash. Bí ẹ bá sì tẹ sh owo.sh, asán ni ohun yòówù tí ẹ kọ sí ìlà #!, ẹ ti yan ògbufọ̀ fúnra yín.

Àwọn àṣìṣe méjì kan wà tí ojú lásán kò lè rí, àwọn ló sì ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù. Bí ẹ bá ti ń rí ètò tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú python3 ajo.py tí kò sì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ./ajo.py, ọ̀kan nínú wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Èkínní ni òpin ìlà. Notepad ti Windows máa ń fi báìtì méjì parí ìlà kọ̀ọ̀kan, Linux sì ń fi ẹyọ kan. Èyí tó lé ni \r. Bí ìlà #! bá ti ọ̀dọ̀ Windows wá, python3\r ni env yóò máa wá, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀:

/usr/bin/env: ‘python3\r’: No such file or directory

Python fúnra rẹ̀ kò bìkítà nípa \r, ìdí nìyẹn tí python3 ajo.py fi ń ṣiṣẹ́. Àṣẹ yìí ń yọ ọ́ kúrò:

sed -i 's/\r$//' ajo.py

Bí ẹ bá ń lo Git, ètò tó ń tọ́jú àyípadà inú kóòdù, kí ó má baà padà wá, ẹ kọ *.py text eol=lf sínú fáìlì .gitattributes.

Èkejì kan àwa tó ń kọ Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ètò rẹ̀ gbé ẹ, ọ àti ṣ jáde gbọ́dọ̀ fi UTF-8, ìlànà ìkọ lẹ́tà tó gba gbogbo àmì Yorùbá, tọ́jú fáìlì náà. Lórí Windows àtijọ́, bí ènìyàn bá yan UTF-8 nínú Notepad, báìtì mẹ́ta, EF BB BF, ni yóò lẹ̀ mọ́ iwájú fáìlì láìsọ fún un. BOM là ń pe èyí. Ìgbà Windows 10 ẹ̀dà 1903, ní ọdún 2019, ni Notepad tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi UTF-8 tí kò ní BOM ṣe àkọ́yàn. Bí BOM bá ti wà níwájú #!, kernel kò rí #! mọ́, EF ló rí. Bash yóò gba fáìlì náà, yóò sì pariwo pé “#!/usr/bin/env: No such file or directory”, bẹ́ẹ̀ /usr/bin/env wà níbẹ̀ gedegbe. Ẹ fi èkínní nínú àwọn àṣẹ yìí yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ fi èkejì yọ ọ́:

head -c 3 ajo.py | xxd
sed -i '1s/^\xEF\xBB\xBF//' ajo.py

Nígbà tí a ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ àmì Yorùbá: lórí Windows, bí ẹ bá darí àbájáde ètò sínú fáìlì, ká ní ẹ kọ py ajo.py > esi.txt, Python lè dá ẹnu iṣẹ́ dúró pẹ̀lú UnicodeEncodeError, yóò ní òun ò lè kọ '\u1eb9'. Lẹ́tà ẹ ni yẹn. Lórí ojú terminal kò ní sí wàhálà, inú fáìlì ló ti ń ṣẹlẹ̀, torí pé cp1252, ìlànà lẹ́tà àtijọ́ ti Windows, ló ń lò níbẹ̀, à àti é wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Ẹ kọ èyí sí ìbẹ̀rẹ̀ ètò yín:

import sys
sys.stdout.reconfigure(encoding="utf-8")

Gbogbo ibi tí ẹ bá ti lo open, ẹ fi encoding="utf-8" kún un. Inú ètò ni kí ó wà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bí wọ́n ṣe ṣètò kọ̀ǹpútà ẹni tí ẹ ń gbé e fún.

Àwọn tó ń fi fóònù kọ́ṣẹ́ nínú Termux, áàpù tó ń jẹ́ kí a lo àṣẹ Linux lórí Android, pọ̀, tiwọn sì yàtọ̀ díẹ̀. Kò sí /usr/bin/env lórí Android; /data/data/com.termux/files/usr/bin ni ibi tí Termux kó ètò rẹ̀ sí. Termux ní ọgbọ́n kan, termux-exec, tó ń yí ọ̀nà yìí padà fúnra rẹ̀. Níbi tí kò bá ti ṣiṣẹ́, ẹ tẹ termux-fix-shebang ajo.py, yóò tún ìlà náà kọ. Ṣùgbọ́n “Permission denied” lẹ́yìn chmod kì í ṣe ẹjọ́ ìlà #!. Inú /sdcard ni fáìlì wà, Android kò sì gbà kí ohunkóhun ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀, chmod ìgbà ẹgbẹ̀rún kò lè yí i padà. Ẹ kó o wá sí ilé Termux:

cp /sdcard/Download/ajo.py ~/
chmod u+x ~/ajo.py

Ẹ̀ka ọ̀rọ̀ kan náà ni ti fúláàṣì. FAT32, ìlànà tí ọ̀pọ̀ fúláàṣì fi ń to fáìlì, kò ní ibi tí ó ń kọ ìyọ̀ǹda Linux sí, nítorí náà chmod kò lè mú lórí rẹ̀.

Ó wá ku Windows. Windows kò mọ #!, orúkọ fáìlì ló ń wò. Ṣùgbọ́n láti Python 3.3 ni ètò kékeré kan tó ń jẹ́ py ti ń bá Python ti python.org wá. Òun ló ń gba fáìlì .py bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun sì mọ ìlà #!, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí fèrèsé dúdú bá ṣí tó sì pa dé kí ẹ tó ka nǹkan kan, ètò náà ti parí tàbí ó ti kọsẹ̀ ni. Ẹ ṣí cmd, fèrèsé àṣẹ Windows, kí ẹ pè é láti ibẹ̀, ẹ ó rí ohun tó wí. Láti máa tẹ ajo lásán, ẹ kọ fáìlì ajo.cmd sí ẹ̀gbẹ́ ajo.py:

@echo off
py "%~dp0ajo.py" %*

%~dp0 ni fódà tí ajo.cmd wà, %* sì ni gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ẹ fi fódà náà kún PATH, ó parí.

Bí ètò bá ti ju fáìlì kan lọ, tí Python sì wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò lò ó, ẹ wo zipapp, tó ti wà nínú Python láti 3.5. Ó ń di gbogbo fódà sínú fáìlì zip kan, ó sì ń kọ ìlà #! sí iwájú rẹ̀. Ìyẹn kò ba zip náà jẹ́, nítorí pé ẹ̀yìn ni a ti ń ka fáìlì zip. Ẹ kó ajo.py sínú ajo_app, kí ẹ wá ṣe báyìí; àṣẹ èkínní ń kó àwọn láíbìrì tí ẹ kọ orúkọ wọn sínú requirements.txt síbẹ̀, èkejì ń di fódà náà, "ajo:main" sì túmọ̀ sí function main tó wà nínú ajo.py:

python3 -m pip install -r requirements.txt --target ajo_app
python3 -m zipapp ajo_app -m "ajo:main" -p "/usr/bin/env python3" -o ajo.pyz

Ajo.pyz yóò jáde pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀ lára, kò sì ní wúwo. Ohun tí kò lè gbé ni àwọn láíbìrì bíi numpy àti pandas, torí pé wọ́n ní ẹ̀yà tí a ti sọ di èdè ẹ̀rọ, Python kò sì lè kó ìyẹn láti inú zip.

Ìgbà tí ẹni tí yóò lò ó kò bá ní Python, tí kò sì ní fi í sórí ẹ̀rọ rẹ̀ láéláé, ni .exe tó kàn. PyInstaller ni ọ̀pọ̀ ń lò. Kò sọ script di èdè ẹ̀rọ o, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ògbufọ̀ Python gan-an ló dì mọ́ script yín, bí ìgbà tí ènìyàn ra oúnjẹ tí wọ́n sì fi ẹni tó sè é kún un fún un. Ìdí nìyẹn tí ètò ìlà mẹ́wàá fi ń di mẹ́gábáìtì mélòó kan. Ẹ ṣe é nínú venv tó mọ́, kí ó má baà kó láíbìrì tí ẹ kò lò:

py -m venv kiko
kiko\Scripts\activate
pip install pyinstaller
pyinstaller --onefile --name ajo ajo.py

Inú fódà dist ni ajo.exe yóò wà. Orí Windows ni ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe ti Windows, orí Mac ni ti Mac. PyInstaller kì í ṣe ètò fún irú ẹ̀rọ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ṣì ń lo Windows 7 kò lè gba ohun tí a fi Python 3.9 tàbí èyí tó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣe, Python 3.8 ló gbẹ̀yìn fún un. Èyí tí a fi Python 64-bit ṣe kò sì ní ṣí lórí Windows 32-bit. Lórí Linux, ẹ ṣe é lórí ẹ̀rọ tó pẹ́ jù nínú àwọn tí yóò lò ó: èyí tí ẹ ṣe lórí Ubuntu 22.04, tó ní glibc (láíbìrì tí ọ̀pọ̀ ètò Linux gbára lé) 2.35, lè kọ̀ lórí 20.04, tó ní 2.31.

Ewu tó burú jù nínú --onefile, tó ń di gbogbo ètò sínú fáìlì kan, nìyí, a kò sì rí i kí wọ́n máa kìlọ̀ rẹ̀ tó. Ní gbogbo ìgbà tí .exe náà bá ṣí, yóò tú ara rẹ̀ sínú fódà onígbà díẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ fi _MEI bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni __file__, orúkọ tí Python fi ń sọ ibi tí fáìlì ètò wà, yóò máa tọ́ka sí. Bí ó bá parí, yóò pa fódà náà rẹ́. Ètò àjọ tó bá ń kọ orúkọ ẹni tó dáwó sínú fáìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ __file__ yóò kọ ọ́ dáadáa, yóò tún kà á jáde dáadáa, títí wọn yóò fi pa á dé. Bí wọ́n bá tún ṣí i, àkọsílẹ̀ ti lọ. Ohun tí ètò ń kà, tó bá a wá, ni kí ẹ wá nínú sys._MEIPASS, tó ń sọ ibi tí fódà _MEI náà wà, kí ẹ sì fi --add-data kó o sínú ẹrù. Ohun tí ètò ń kọ, fódà ilé (home) ẹni tó ń lo ètò náà ni kí ẹ fi í pamọ́ sí:

from pathlib import Path
iwe = Path.home() / "ajo" / "owo.csv"
iwe.parent.mkdir(exist_ok=True)

Títú yìí náà ló ń jẹ́ kí ó pẹ́ kó tó ṣí. Bí wọ́n bá sì fi Task Manager pa á, fódà _MEI kò ní pa rẹ́, wọ́n lè pọ̀ títí wọn yóò fi gba àyè. Bí kì í bá ṣe dandan kí ó jẹ́ fáìlì kan, --onedir, tó ń kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan, ló sàn lójú tiwa. Bí ó bá ní “ModuleNotFoundError” fún láíbìrì tó wà níbẹ̀, PyInstaller ni kò rí i nígbà tó ń ka ètò yín. Ẹ fi --hidden-import àti orúkọ rẹ̀ kún àṣẹ náà. Ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì tún lè mú .exe yín láìṣẹ̀, torí pé àwọn oníjìbìtì náà ń lo PyInstaller; --onedir sábà máa ń dín èyí kù. Ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò tú u láàrin ìṣẹ́jú.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, Olóòtú. Ẹ bá wa sọ fún ẹni tó ń to lẹ́tà kó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ so àmì méjì iwájú onefile pọ̀ di ìlà gígùn kan, kó má sì yí àmì " tó wà nínú àwọn àṣẹ padà sí èyí tó tẹ̀. Word máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àṣẹ tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé tó bá sì rí ìlà gígùn níbẹ̀, -- ni kí ẹ tẹ̀ dípò rẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwọn òǹkàwé yín tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà